Ibo Ni Dátà Dúró Sí? Bí A Ṣe Ń Tọpa Àṣìṣe Nínú Power BI

Ní àárọ̀ ọjọ́ Ajé kan ní ọ́fíìsì tí mo ti ń ṣiṣẹ́, Màdáámù tó jẹ́ ọ̀gá wa ṣí ìjábọ̀ ọjà lórí kọ̀ǹpútà wọn. Wọ́n rí i pé páálí mílíìkì tó kù ní sítọ́ọ̀ kò tó 60. Wọ́n pe àwọn tó ń kó ọjà fún wa lórí fóònù pé kí wọ́n gbé páálí 600 wá. Ọkọ̀ dé ní ọ̀sán ọjọ́ kejì. Bàbá Sítọ́ọ̀ jáde, wọ́n wo ọkọ̀, wọ́n wo Màdáámù, wọ́n ní: "Ẹ jọ̀ọ́ mà, ibo la fẹ́ kó èyí sí? Páálí 400 tó wọlé lọ́sẹ̀ tó kọjá ṣì wà nílẹ̀."

Ìwé ni Bàbá Sítọ́ọ̀ fi ń ṣírò tiwọn, bírò ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́. Tiwọn ló tọ̀nà. Ìjábọ̀ tèmi, tó ní àwọ̀ mèremère, ti di ti ọjọ́ 11 sẹ́yìn láìsí ẹni tó mọ̀. Kò sí ìkìlọ̀ pupa lójú rẹ̀, kò sí àwòrán tó fọ́. Owó sì ti jáde lápò, bẹ́ẹ̀ ni mílíìkì ní ọjọ́ tí yóò bàjẹ́.

Mo ń kọ èyí fún ẹ̀yin tí ẹ ṣì wà ní ẹ̀ka wa àti ẹ̀yin tí ẹ ti jáde, nítorí ohunkóhun tí a bá kà, ọ̀pọ̀ nínú wa ni wọ́n máa ń fi irú ìjábọ̀ báyìí lé lọ́wọ́ ní ọ́fíìsì àkọ́kọ́ tí a bá dé. Wọ́n á kọ́ wa bí a ṣe ń ya àtẹ. Wọn kì í kọ́ wa ní ohun tí a máa ṣe lọ́jọ́ tí dátà bá kọ̀ láti wá. Ohun tí mo rí kọ́ kò ju ọ̀kan lọ: ọ̀rọ̀ àṣìṣe máa ń sọ ibi tí dátà dúró sí lójú ọ̀nà. Ẹni tó bá mọ ibẹ̀ kò ní máa tú ohun tí kò bàjẹ́.

ÀMÙ ÀTI ODÒ

Power BI jẹ́ ètò kọ̀ǹpútà iléeṣẹ́ Microsoft tó jáde fún gbogbo ènìyàn ní ọdún 2015. Apá méjì rẹ̀ ló kan ọ̀rọ̀ wa. Power BI Desktop ni èyí tí a ń fi sórí kọ̀ǹpútà wa; ibẹ̀ la ti ń ṣe ìjábọ̀. Power BI Service ni èyí tó wà lórí íntánẹ́ẹ̀tì; ibẹ̀ ni àwọn ọ̀gá ti ń wò ó. Ibòmíràn ni dátà fúnra rẹ̀ ti ń wá: inú fáìlì Excel, inú SQL Server, tàbí inú ètò mìíràn tí ọ́fíìsì ń lò.

Ọ̀nà méjì ni ìjábọ̀ sábà máa ń gbà rí dátà. Èkíní ni Import. Ó dà bí ilé tó ní àmù: a lọ pọn omi lódò, a dà á sínú àmù, inú àmù la sì ti ń bu mu títí a ó fi tún padà lọ sódò. Ìpadà lọ sódò yẹn ni wọ́n ń pè ní refresh. Èkejì ni DirectQuery. Ilé tiẹ̀ kò ní àmù. Nígbàkígbà tí òùngbẹ bá ti ń gbẹ ẹnìkan, odò ló ń gbà lọ.

Ẹ wo ohun tó ń ṣẹlẹ̀ tí ọ̀nà odò bá dí. Ẹni tí kò ní àmù yóò mọ̀ lójú ẹsẹ̀, nítorí ìjábọ̀ rẹ̀ yóò fi àmì àṣìṣe hàn dípò àwòrán. Ẹni tó ní àmù kò ní mọ̀. Yóò máa mu omi àná, omi ìjẹta, omi ọ̀sẹ̀ tó kọjá. Import ni ọ́fíìsì wa ń lò, òun náà sì ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ń lò nítorí pé ó yára.

Ní báyìí, ẹ jẹ́ ká rin ọ̀nà odò náà láti ilé, ká máa wo ibi tó ti lè dí.

1. ṢÉ A TILẸ̀ DÉ ẸNU ILẸ̀KÙN?

Ká ní SQL Server ni dátà wa wà. Tí Power BI kò bá rí server náà rárá, nọ́ńbà tí a sábà máa ń rí nínú ọ̀rọ̀ àṣìṣe ni 26, 40 tàbí 53. Àṣìṣe 26 ń sọ pé òun kò rí server tàbí instance tí a dárúkọ. (Kọ̀ǹpútà kan lè gba SQL Server bíi mélòó kan, bí ilé kan ṣe ń gba ayálégbé púpọ̀; ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni wọ́n ń pè ní instance.) Àṣìṣe 40 ń sọ pé òun kò lè ṣí ìsopọ̀ lọ síbẹ̀. Àṣìṣe 53 ń sọ pé òun kò rí ọ̀nà ibẹ̀ lórí nẹ́tíwọ́ọ̀kì.

Níbi yìí, ẹ má tí ì fọwọ́ kan pásíwọ́ọ̀dù. Kò tí ì sí ẹni tó bèèrè orúkọ yín. Ohun tí ẹ máa yẹ̀ wò nìyí:

• Ṣé kọ̀ǹpútà tí server wà lórí rẹ̀ wà ní títàn, àbí iná ti lọ níbẹ̀?
• Ṣé orí nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì lẹ wà, àbí ilé lẹ ti ń ṣiṣẹ́ láìtan VPN?
• Ṣé orúkọ server pé, tí kò sí lẹ́tà kan tó yẹ̀?
• Tí server bá ní orúkọ instance lẹ́yìn rẹ̀, ṣé SQL Server Browser ń ṣiṣẹ́, ṣé pọ́ọ̀tù UDP 1434 sì ṣí?
• Ṣé wọ́n tan TCP/IP nínú SQL Server Configuration Manager, ṣé firewall sì fàyè gba pọ́ọ̀tù 1433, tí SQL Server máa ń lò tí wọn kò bá yí i padà?

Ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fi ping dán an wò. Ping lè tan ènìyàn jẹ. Firewall lè dí ping kó sì jẹ́ kí 1433 kọjá, ó sì lè jẹ́ kí ping kọjá kó dí 1433. Ohun tó dáa jù ni kí ẹ ṣí PowerShell, kí ẹ kọ Test-NetConnection, kí orúkọ server tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà -Port 1433. Tí ẹ bá rí TcpTestSucceeded : True, ọ̀nà ṣí nìyẹn. Tó bá jẹ́ False, ẹni tó ń bójú tó nẹ́tíwọ́ọ̀kì lẹ máa lọ bá, kí ẹ sì mú èsì náà dání. Ẹni tó mú ẹ̀rí lọ kì í pẹ́ níbẹ̀ bí ẹni tó kàn lọ sọ pé "kò ṣiṣẹ́".

Fáìlì Excel náà ní ti ẹnu ilẹ̀kùn tiẹ̀. Tí ọ̀rọ̀ àṣìṣe bá ní "Could not find file", ẹ wo àdírẹ́sì tó kọ síwájú. Tó bá bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú C:\Users, orí kọ̀ǹpútà ẹnìkan ni ẹ so ìjábọ̀ mọ́. Lọ́jọ́ tí ẹni náà bá yí orúkọ fódà padà, tàbí tí ẹ bá fún ẹlòmíràn ní ìjábọ̀ náà, ọ̀nà ti gé. Ẹ gbé irú fáìlì bẹ́ẹ̀ sí SharePoint tàbí OneDrive ọ́fíìsì, kí ẹ so ìjábọ̀ mọ́ ọn níbẹ̀.

2. ṢÉ WỌ́N MỌ̀ WÁ?

Tí ẹ bá rí àṣìṣe 18456, "Login failed for user", ẹ̀rù máa ń ba ọ̀pọ̀ ènìyàn. Èmi máa ń mí kanlẹ̀. Àṣìṣe yìí túmọ̀ sí pé a ti dé ibẹ̀, a kan ilẹ̀kùn, ẹnìkan dáhùn, ó ní òun kò mọ̀ wá. Gbogbo ohun tó wà ní ìpele àkọ́kọ́ ló dára. Ẹ má tún fọwọ́ kan firewall mọ́.

Ohun àkọ́kọ́ tí ẹ máa wò ni irú ìdánimọ̀ tí ẹ ń lò. Power BI máa ń bèèrè bóyá Windows, Database tàbí Microsoft account lẹ fẹ́ fi wọlé. Tí orúkọ tí wọ́n fún yín bá jẹ́ ti inú SQL Server, tí ẹ sì fi í sí abẹ́ Windows, kò ní wọlé bí pásíwọ́ọ̀dù tilẹ̀ tọ̀nà. Ohun kejì ni pé Power BI Desktop máa ń fi ìdánimọ̀ tí ẹ lò nígbà kan pa mọ́. Ó lè jẹ́ pásíwọ́ọ̀dù oṣù tó kọjá ló ṣì ń gbé lọ. Ẹ lọ sí File, Options and settings, Data source settings, kí ẹ yan orísun dátà náà, kí ẹ tẹ Clear Permissions. Nígbà tí ẹ bá tún so ó, yóò bèèrè lọ́tun.

Tí kò bá tún wọlé, ẹ bẹ ẹni tó ń bójú tó server kó wo ìwé àkọsílẹ̀ àṣìṣe tiẹ̀. Ọ̀dọ̀ wa, 18456 kì í ṣàlàyé ara rẹ̀, kó má baà tú àṣírí fún olè. Lọ́dọ̀ server, nọ́ńbà kan wà tí wọ́n ń pè ní State. State 5 ni pé orúkọ náà kò sí. State 8 ni pé orúkọ wà, pásíwọ́ọ̀dù ni kò bá a mu.

Nọ́ńbà méjì míì wà nítòsí ibẹ̀. 4060 ń sọ pé a kò lè ṣí database tí a dárúkọ: bóyá a ṣi orúkọ rẹ̀ kọ, bóyá wọn kò fún wa láṣẹ sí i. 229 ń sọ pé a ti wọ inú database, ṣùgbọ́n wọn kò gbà wá láyè láti ka àtẹ kan pàtó. Ẹ wo bí àwọn nọ́ńbà yìí ṣe ń sọ bí a ti rìn jìnnà tó: 26, a kò rí ilé, 18456, a wà lẹ́nu ọ̀nà, 4060, yàrá ni kò ṣí, 229, a wà ní yàrá, àpótí ni a kò gbọ́dọ̀ ṣí.

3. ṢÉ OHUN TÍ A WÁ GBÉ ṢÌ WÀ BÍ A TI FI Í SÍLẸ̀?

Nígbà míì, ọ̀nà ṣí, wọ́n sì mọ̀ wá, síbẹ̀ refresh kùnà. Àwọn ènìyàn ló ti tún ilé tò lẹ́yìn wa.

"The column of the table wasn't found" túmọ̀ sí pé ẹnìkan ti yí orúkọ òpó kan padà. Ẹni tó ń tẹ dátà ní ẹ̀ka ìtajà rò pé òun ń ṣàtúnṣe nígbà tó sọ "Amount" di "Amount (N)". Àyè kékeré kan tí kò hàn lẹ́yìn orúkọ náà tó láti fa á. "The key didn't match any rows in the table" sábà máa ń jẹ́ pé wọ́n yí orúkọ ojú ewé Excel padà, tí Sheet1 di "March". "We couldn't convert to Number" ni pé nínú òpó tó yẹ kó jẹ́ iye owó, ẹnìkan kọ "kò tí ì san" tàbí ó fi ₦ ṣáájú iye náà bí ọ̀rọ̀.

Ẹ ṣí Power Query. Ní apá ọ̀tún, ẹ ó rí Applied Steps, ìyẹn gbogbo ìgbésẹ̀ tí dátà gbà láti Source wá sí ìsàlẹ̀. Ẹ tẹ ọ̀kọ̀ọ̀kan láti òkè. Ìgbésẹ̀ àkọ́kọ́ tí àṣìṣe bá ti yọjú ni ibi tí ọ̀rọ̀ wà. Àwọn tó wà lábẹ́ rẹ̀ kàn ń jìyà rẹ̀ ni. Ní ti fáìlì Excel, ìgbésẹ̀ tí mo sábà máa ń bá a ni Changed Type, tí Power BI máa ń fi kún un fúnra rẹ̀ láìbèèrè lọ́wọ́ wa.

Inú Changed Type yìí náà ni ọ̀fìn ọjọ́ wà. Tí ẹnìkan bá kọ 03/04/2024 ní Nàìjíríà, ọjọ́ 3 oṣù Kẹrin ló ní lọ́kàn. Tí kọ̀ǹpútà bá wà lórí ètò Amẹ́ríkà, ọjọ́ 4 oṣù Kẹta ni yóò kà á sí, kò sì ní pariwo. Ìgbà tó bá dé 13/04/2024 ni yóò tó fi àṣìṣe hàn, nítorí kò sí oṣù kẹtàlá. Ẹni tó bá kàn pa àwọn ìlà tó ní àṣìṣe rẹ́ ti ju dátà ọjọ́ 13 sí ìparí oṣù nù, ó sì fi ti ọjọ́ 1 sí 12 sílẹ̀ ní ìdàrúdàpọ̀. Ọ̀nà àbáyọ ni kí ẹ tẹ òpó náà, Change Type, Using Locale, kí ẹ yan Date àti English (United Kingdom), tó ń ka ọjọ́ ṣáájú oṣù bíi tiwa.

4. "Ó Ń ṢIṢẸ́ LỌ́DỌ̀ MI, KÒ ṢIṢẸ́ LÓRÍ ÍNTÁNẸ́Ẹ̀TÌ"

Ibi tí ìjábọ̀ tèmi ti kú nìyí. Nígbà tí ìjábọ̀ bá ti wà lórí Power BI Service, òun ni yóò máa lọ pọn omi fúnra rẹ̀. Ṣùgbọ́n ó wà lókèèrè. Kò lè ṣàdédé wọ inú nẹ́tíwọ́ọ̀kì ọ́fíìsì wa. Nítorí náà, a máa ń fi ètò kékeré kan tó ń jẹ́ on-premises data gateway sórí kọ̀ǹpútà kan ní ọ́fíìsì. Gateway yìí ni ìránṣẹ́: Power BI rán an níṣẹ́, ó lọ bá SQL Server, ó gbé dátà jáde fún un. Òun ló ń pe íntánẹ́ẹ̀tì láti inú, nítorí náà kò sídìí láti ṣí firewall fún àjèjì láti wọlé.

Ohun mẹ́ta ló sábà máa ń bà á jẹ́. Èkíní, orúkọ server àti database tí ẹ kọ sínú Desktop gbọ́dọ̀ bá èyí tí ẹ kọ sórí gateway mu. Tí ẹ bá kọ orúkọ níhìn-ín, tí ẹ kọ nọ́ńbà IP lọ́hùn-ún, ojú ẹni méjì ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni yóò fi wò wọ́n. Èkejì, gateway ní pásíwọ́ọ̀dù tiẹ̀ nípamọ́. Tí wọ́n bá yí ti database padà, ẹ gbọ́dọ̀ yí tiẹ̀ náà. Ẹ̀kẹta, kọ̀ǹpútà tí gateway wà lórí rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà ní títàn, kó má sùn, kó sì ní íntánẹ́ẹ̀tì, ní wákàtí tí refresh máa wáyé.

Ẹ̀kẹta yìí ló ṣẹlẹ̀ sí wa. Orí kọ̀ǹpútà akáùntáǹtì ni ẹni tó ṣáájú mi fi gateway sí. Aago mẹ́fà àárọ̀ ni refresh ń wáyé lójoojúmọ́, kọ̀ǹpútà náà kì í sì í kú lálẹ́. Ní ọjọ́bọ̀ kan, wọ́n lẹ ìwé mọ́ ògiri pé kí gbogbo ènìyàn pa ohun tó ń lo iná kí wọ́n tó lọ sílé, nítorí owó iná àti dísù jẹnẹrétọ̀. Akáùntáǹtì ṣe ohun tí wọ́n ní kó ṣe. Ní aago mẹ́fà ọjọ́ Ẹtì, Power BI rán ìránṣẹ́, kò bá ẹnikẹ́ni. Àbámẹ́ta, kò bá ẹnikẹ́ni. Àìkú, Ajé, bákan náà. Tí refresh bá kùnà lẹ́ẹ̀mẹrin léra, Power BI máa ń pa ètò refresh náà fúnra rẹ̀. Bó ṣe jáwọ́ nìyẹn. Nígbàkígbà tí mo bá wo gateway ní ọ̀sán, ó wà láàyè, nítorí akáùntáǹtì ti dé ibi iṣẹ́.

Ṣé Power BI kò kìlọ̀ ni? Ó kìlọ̀. Ó fi í-meèlì ránṣẹ́ sí ẹni tó ni dátà náà lójú tiẹ̀, ìyẹn ẹni tó ṣáájú mi, tó ti kúrò níbi iṣẹ́. Ẹnikẹ́ni kì í ṣí àpótí í-meèlì rẹ̀ mọ́. Mo gba iṣẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, n kò gba ìjábọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀. Bọ́tìnnì kan wà ní Settings tó ń jẹ́ Take over. N kò tẹ̀ ẹ́ rí. Ẹ̀yin tí ẹ bá jogún ìjábọ̀ ẹlòmíràn, ẹ tẹ̀ ẹ́ lọ́jọ́ àkọ́kọ́, kí ẹ sì tún kọ pásíwọ́ọ̀dù orísun dátà lẹ́yìn rẹ̀, nítorí yóò bèèrè.

ÀṢÌṢE TÍ KÌ Í PARIWO

Ohun tí a ṣe lẹ́yìn náà kò pọ̀. A gbé gateway lọ sórí kọ̀ǹpútà tó wà lórí ínfátà, tí kì í kú. A sún refresh sí aago mẹ́wàá àárọ̀ àti aago mẹ́ta ọ̀sán. Power BI Pro fàyè gba mẹ́jọ lójúmọ́, méjì sì tó wa. Níbi tí wọ́n ti ń bèèrè ẹni tí kí wọ́n fi í-meèlì ránṣẹ́ sí tí refresh bá kùnà, mo fi orúkọ ènìyàn méjì kún tèmi. Mo sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé tí ẹnikẹ́ni kò bá ṣí ìjábọ̀ kan fún oṣù méjì, Power BI lè dá refresh rẹ̀ dúró, kí ẹni tó bá gba iṣẹ́ lọ́wọ́ mi lè mọ̀.

Èyí tó ṣe pàtàkì jù ni ìlà kan tí mo fi sí òkè ìjábọ̀ pẹ̀lú lẹ́tà ńlá: "Ọjọ́ ìtajà tó gbẹ̀yìn nínú ìjábọ̀ yìí". MAX lórí òpó ọjọ́ inú àtẹ ìtajà ló ń mú un jáde. Tó bá ti ju ọjọ́ kan lọ sẹ́yìn, yóò di pupa. Ẹlẹgbẹ́ mi kan bèèrè ìdí tí n kò fi kọ àkókò tí refresh wáyé. Ìdí ni pé refresh lè yọrí sí rere lórí fáìlì tí ẹnikẹ́ni kò fọwọ́ kàn láti oṣù tó kọjá. Ìránṣẹ́ lọ sódò, ó sì pọn omi dé. Odò ni kò ṣàn. Ọjọ́ tó wà nínú dátà fúnra rẹ̀ ni kò ní tan wá.

Ní ti mílíìkì, a tà á tán kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé, ṣùgbọ́n a gé owó rẹ̀ kù, èrè orí rẹ̀ kò sì tó nǹkan. Màdáámù kò lé mi. Ohun tí wọ́n sọ ni pé kí n máa lọ sí sítọ́ọ̀ ní gbogbo ọjọ́ Ajé, kí n fi ìjábọ̀ wéra pẹ̀lú ìwé Bàbá Sítọ́ọ̀. Mo ṣì ń lọ. Kí n tó jókòó, wọ́n á ti bèèrè: "Ìwọ ọmọ yìí, ìjábọ̀ ọjọ́ wo lo mú wá?" Ìlà òkè yẹn ni mo máa ń kọ́kọ́ kà fún wọn.